Ìbejì kan tó ọ̀pá ìwọ̀n, èkejì ò tó o

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìbejì ni mo bí. Táyé lobìnrin, Kẹ́hìndé lọ́kùnrin, wọ́n á pé ọmọ ọdún mẹ́fà lóṣù kẹjọ. Ní ìsinmi Àjíǹde tó ń bọ̀ yìí, èmi àti bàbá wọn pẹ̀lú ìyá mi tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn fẹ́ kó wọn lọ sí ọgbà ìṣeré Disney World ní Orlando. A ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí Space Mountain, roller coaster ibẹ̀ (ọkọ̀ eré tó ń gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ lórí irin), nínú fídíò, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn mọ́. Mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọmọ tí kò bá ga tó 112 sẹ̀ǹtímítà kò ní gùn ún. Mo wọ̀n wọ́n lálẹ́ àná: Kẹ́hìndé 113, Táyé 107. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní kí n ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn fún Táyé, kí n sì di irun rẹ̀ ní ṣùkú. Bàbá wọn ní ẹ̀rù kóòtù ló ń ba àwọn ọlọ́gbà wọ̀nyẹn, pé kí ni sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lè ṣe. Ìyá mi ní tirẹ̀ ní a kì í rẹ́ ọ̀kan jẹ nínú ìbejì. Kí ni kí n ṣe? Èmi Ìyá Ìbejì, Thamesmead, London.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má ra bàtà yẹn. Ẹ di irun Táyé ní ṣùkú bó bá wù yín, ó máa ń yẹ ọmọdé, ṣùgbọ́n agbárí ni wọ́n ń fi ọ̀pá wọ̀n. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á rọra tẹ irun náà mọ́lẹ̀ kó tó ka nọ́ńbà.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń yẹ ẹ̀rọ ìṣeré wò gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìwọ̀n yẹn gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà roller coaster kan, máa wọn ọmọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Orí ọmọ náà kan ibi tó yẹ kó kàn. Ìrìn rẹ̀ ni mi ò gbà: ó ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo bi í léèrè bóyá bàtà ń ta á lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Dádì ní kí n má ká ìka ẹsẹ̀ mi." Bébà ìnuwọ́ ni bàbá rẹ̀ ká sínú bàtà méjèèjì. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, mo tún un wọ̀n, kò tó. Bàbá náà pariwo lé mi lórí, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ń wò wá. Ọmọ náà ní tirẹ̀ mí kanlẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Kò fẹ́ gùn ún látilẹ̀wá. Ó kàn ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pá náà ń wọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni bàbá ìbejì ti ṣì í.

Ẹ̀yin tó ń gbé ní Britain ti mọ̀ ọ́n látinú mọ́tò yín. Òfin ibẹ̀ ní kí ọmọ máa jókòó lórí àga ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí títí yóò fi ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Kò sí ọlọ́pàá tó ń bi ọmọ bóyá ó láyà. Ara àgbàlagbà ni wọ́n gé bẹ́líìtì mọ́tò mọ́. Bí ẹ bá fi de ọmọ kékeré, á gba ọrùn rẹ̀ kọjá dípò èjìká, á sì tẹ ikùn rẹ̀ dípò egungun ìbàdí. Àga roller coaster náà ò yàtọ̀, àfi pé mọ́tò kì í sábà gbé èèyàn kúrò lórí ìjókòó.

Roller coaster ń gbé èèyàn. Bó bá gun orí òkè tán tó sì já bọ́ sódì kejì, ọkọ̀ náà á ti máa lọ sílẹ̀ kí ara yín tó gbọ́, ìdí yín á sì kúrò lórí àga. Irin tó tẹ itan yín nìkan ló kù tó dì yín mú. Itan ọmọ ọdún márùn-ún tín-ín-rín, ó sì kúrú. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ẹ̀yìn àga, orúnkún rẹ̀ ò ní dé etí àga, ẹsẹ̀ á sì na gbọnrangandan. Ọmọ kì í fẹ́ jókòó bẹ́ẹ̀. Á sún ìdí síwájú kó lè ká orúnkún, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀, irin tó ti fún dáadáa tẹ́lẹ̀ á sì dẹ̀. Ẹ tún wá wo orí. Orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn gbogbo ara rẹ̀, ti àgbàlagbà sì jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àárín méjèèjì ni ìbejì yín ṣì wà, lórí ọrùn tí kò tíì gbó. Bí ọkọ̀ bá yí kọ́nà lójijì, orí tó wúwo yẹn ló ń fa ọrùn tó rọ̀.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ pé irin kan ṣoṣo ló ń de èèyàn méjì pọ̀. Irin yẹn ò lè sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí itan ẹni tó sanra jù bá dá a dúró sí. Bí ìyá àgbà tó lára bá jókòó ti ọmọ ọmọ rẹ̀, lórí itan ìyá àgbà ni irin á dúró sí, ọmọ á wà nínú àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti rí èyí lọ́pọ̀ ìgbà débi pé òun ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún àwọn òbí: ẹni tó tín-ín-rín jù nínú yín ni kó jókòó ti ọmọ.

Wọn ò lè máa wọn itan àti ìbàdí gbogbo ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Gíga ló rọrùn láti wọ̀n, gíga ló sì ń sọ púpọ̀ jù nípa àwọn tó kù. Nọ́ńbà náà kò sì ti ọ́fíìsì lọ́yà wá. Ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kọ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí bí mo bá fẹ́ yẹ ẹ̀rọ kan wò, inú rẹ̀ ni nọ́ńbà náà máa ń wà kí ọgbà tó ra ẹ̀rọ náà. Ọgbà lè fi kún un, kò gbọ́dọ̀ yọ nínú rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń jókòó lórí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ láti 1978, nígbà tí wọ́n dá F24, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ ìṣeré, sílẹ̀ lábẹ́ ASTM, ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà iṣẹ́. Ní Yúróòpù, ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní EN 13814 là ń tẹ̀ lé. Ibi tí bàbá ìbejì ti ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ni pé ní Florida, ọgbà tó bá ní òṣìṣẹ́ tó ju 1,000 lọ kì í gba aláyẹ̀wò ìjọba. Àwọn aláyẹ̀wò tiwọn ló ń yẹ ẹ̀rọ wọn wò, wọ́n á wá máa jíṣẹ́ ìpalára ńlá fún ìjọba ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Nítorí náà orúkọ wọn àti owó wọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rù kóòtù àti ẹni tó bẹ̀rù pé ọmọ á já bọ́, ibì kan náà ni wọ́n máa fa ìlà sí.

Ó ní kí ni sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lè ṣe. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọmọ 111 á já bọ́ kí ọmọ 112 sì wà láìléwu. Ibì kan la gbọ́dọ̀ fa ìlà sí, àyè sì wà láàárín ìlà náà àti ewu. Àmọ́ wọ́n ti ya àyè yẹn sọ́tọ̀ fún nǹkan. Ó wà fún ọmọ tó bá yíra padà, ọmọ tó bá nawọ́ sókè, ọmọ tí ẹ̀rù bà tó fẹ́ wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀ ní àárín eré. Bí ẹ bá ti fi bàtà ná àyè náà tán lẹ́nu ọ̀nà, kí ló kù fún ìgbà tí Táyé bá ṣe bí ọmọdé?

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Space Mountain fúnra rẹ̀. Inú ilé tó ṣókùnkùn ni, láti 1975 ló sì ti wà ní Orlando. Kò sáré rárá tí a bá fi wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Eré rẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 45 láàárín wákàtí kan lọ, mọ́tò ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò yín. Òkùnkùn ló mú un le. Ẹni tó bá rí kọ́nà níwájú á ti mú ọrùn le kó tó débẹ̀, ẹni tí kò rí i ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá dé ìdí ọkọ̀ ni pé níbẹ̀, ìjókòó kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn ara wọn ni. Ẹnì kan ló ń jókòó lórí ìjókòó kan. Ẹ ò lè di ọmọ lọ́wọ́ mú, ẹ ò lè fi apá gbá a mọ́ra. Ní Disneyland ti California, Space Mountain wà níbẹ̀ náà, èèyàn méjì-méjì ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwọ̀n tibẹ̀ sì jẹ́ 102 sẹ̀ǹtímítà péré. Orúkọ kan náà, àga ọ̀tọ̀, nọ́ńbà ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ California lẹ ń lọ, Táyé ti tó o láìsí ìjàngbọ̀n. Bí ẹnìkan bá ń sọ fún yín pé nọ́ńbà wọ̀nyí ò nítumọ̀, ẹ sọ èyí fún un.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí òun lẹ rò pé ó ti bọ́.

Alẹ́ lẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ṣeun, ìgbà tó dára jù nìyẹn. Gbogbo wa la máa ń kúrú díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà kan, nítorí àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn máa ń fún mọ́ra bí a bá ti ń rìn tí a ń dúró. Bó bá jẹ́ 113 lálẹ́, kò ní kùnà lẹ́nu ọ̀nà nígbàkigbà. Ẹ kàn tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i: kó bọ́ bàtà, gìgísẹ̀ kó kan ògiri, ojú kó wo iwájú gan-an, kí ẹ fi ìwé tó lẹ́yìn líle lélẹ̀ lórí rẹ̀ kó tẹ́jú, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sábẹ́ ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ọgbà ló ń wọn ọmọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, bàtà lásán tó fi ń rìn lójoojúmọ́, nítorí náà á tún ní àlékún díẹ̀. Ti Táyé, pẹ̀lú bàtà iléèwé rẹ̀ náà, kò ní dé 112 ní Àjíǹde.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó ọ̀pá kò sọ pé kó gùn ún. Ọ̀pá náà ń sọ pé àga lè dì í mú. Kò mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀rù òkùnkùn. Kò mọ̀ bóyá ó máa ń bọ́ bẹ́líìtì mọ́tò bó bá rẹ̀ ẹ́. Kò mọ ohun tó wà nínú àyà rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún 2005, ọmọ ọdún mẹ́rin kan kú lẹ́yìn tó gun Mission: SPACE ní Epcot, ọgbà kan nínú Disney World kan náà. Ọmọ náà ga tó. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò rí i pé ọkàn rẹ̀ ti ní àìsàn tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pín ẹ̀rọ náà sí méjì, èyí tó le àti èyí tó rọra. Ẹ rántí dáadáa: ṣé ọ̀kan nínú ìbejì ti dákú rí níbi tó ti ń sáré? Ṣé ẹnìkan nínú ìdílé méjèèjì kú lójijì ní kékeré, tí wọ́n sì ní ayé ló ṣe é? Bí irú rẹ̀ bá wà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ òfurufú. Àti pé bí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ SS, kì í ṣe roller coaster nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Oòrùn Florida lórí ìlà gígùn, omi tí wọn ò mu tó, omi tútù tó ń rẹni gbingbin ní Kali River Rapids, kí wọ́n tún wá gbé aṣọ tútù wọ inú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́: gbogbo wọn ló lè dá ìrora sílẹ̀. Aṣọ gbígbẹ nínú báàgì, omi lọ́wọ́ nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ sì fo ẹ̀rọ olómi náà dá.

Bí ara Kẹ́hìndé bá dá ṣáṣá, mo ní kẹ́ ẹ dán an wò kó tó di pé ẹ ná owó ọkọ̀ òfurufú sórí ìrètí rẹ̀. Legoland wà nítòsí yín ní Windsor. Roller coaster kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Dragon, ọmọ tó bá ga tó 100 sẹ̀ǹtímítà lè gùn ún pẹ̀lú àgbà, apá kan rẹ̀ sì wà nínú ilé. Àwọn méjèèjì tó o. Ẹ kó wọn lọ síbẹ̀ bó bá ti ṣí lóṣù kẹta. Ẹ má wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ọmọ tí ẹ̀rù ti bà gan-an lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró di bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ọmọ tó ń fa yín lọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ jẹ́ ká tún padà, ó ti ṣetán. Ọmọ tó dákẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oúnjẹ tàbí ilé, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí Kẹ́hìndé bá sì yege, ẹ sọ fún un nílé pé ní Space Mountain, òun nìkan ló máa wà lórí ìjókòó rẹ̀, nínú òkùnkùn, bàbá rẹ̀ á wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ṣì fẹ́. Ẹ gba ìdáhùn tó bá fún yín. Ó sì lè yí ọkàn padà lórí ìlà. Ọ̀nà wà nínú gbogbo ìlà láti jáde kó tó kan ọkọ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó máa bínú.

Bí wọ́n bá ti jókòó sórí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi yẹ bẹ́líìtì wò, ẹ má fi í sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ní Glenwood Springs ní ìpínlẹ̀ Colorado, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan jókòó lórí ẹ̀rọ tó ń já bọ́ sínú ihò òkè. Bẹ́líìtì àga náà ti wà ní dídè láti ìgbà tí kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀, ọmọ náà sì jókòó lé e lórí. Ẹ̀rọ tiẹ̀ kìlọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè, wọ́n mú ìkìlọ̀ náà kúrò, wọ́n sì jẹ́ kó lọ. Ọmọ náà ò padà wálé. Mo ka ìròyìn ìwádìí ìjọba lórí rẹ̀, mo sì gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè kà á tán. Ìka méjì péré lẹ nílò: ẹ ti ìka náà bọ sábẹ́ bẹ́líìtì lórí ìbàdí ọmọ, ẹ fà á. Bí kò bá sí lára rẹ̀, ẹ pariwo, ẹ ké, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni.

Lórí ẹ̀rọ tí kò le rárá, tí wọn kì í wọn ọmọ kó tó wọ̀ ọ́, ibẹ̀ gan-an làwọn òbí máa ń tú ara sílẹ̀. Ní Disneyland lọ́dún 2000, ọmọ ọdún mẹ́rin kan já bọ́ látinú ọkọ̀ eré tó ń rọra lọ. Apá ibi tí èèyàn ń gbà wọlé ló jókòó sí, kò sì sí ilẹ̀kùn níbẹ̀ nígbà náà. Ó há sábẹ́ ọkọ̀. Inú lọ́hùn-ún ni kẹ́ ẹ máa fi ọmọ sí nígbà gbogbo, kí àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́ (kì í ṣe ẹ̀yin, àmọ́ àwọn mìíràn á ka èyí) kó tú ọ̀já kó sì gbé ọmọ sórí itan. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni ìyá ń fi ara tẹ̀ mọ́ àga bí ọkọ̀ bá dúró lójijì.

Ẹ ò bi mí nípa ara yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò sì wọ kèrèǹgbè. Ìlà náà wà fún ẹni tó tóbi pẹ̀lú. Ní Orlando níbẹ̀, lóṣù kẹta ọdún 2022, kì í ṣe ní Disney, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan já bọ́ látorí ilé gogoro ìjábọ́ kan. Ó ga, ó sì wúwo ju ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú ìwé lọ. Wọ́n ti yí sẹ́ńsọ̀ àga tó jókòó sí, ohun tó ń mọ̀ bóyá irin ti dé ibi tó yẹ, padà kó lè gba àlàfo tó fẹ̀. Wọ́n ti wó ilé gogoro náà lulẹ̀ báyìí. Bí irin kan ò bá dé ibi tó yẹ kó dé lára àgbà nínú yín, ẹ dìde, kẹ́ ẹ lọ mu nǹkan tútù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Màmá. Mo kí wọn. A kì í rẹ́ ọ̀kan jẹ nínú ìbejì, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo sì mọ̀ pé òun ló wà nídìí bàtà yẹn ju ohun tí àbúrò yín sọ lọ. Ṣùgbọ́n àwa náà la sọ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé níṣẹ́ kó lọ tọ́ ayé wò. A ò sọ pé wọ́n jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá se ẹ̀wà fún wọn, ẹ kì í fi agbára ti èyí tó ti yó láti jẹ iye tí ìkejì rẹ̀ jẹ. Táyé nílò nǹkan tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, nǹkan tí Kẹ́hìndé ò ní ní.

Ó sì wà. Ní ẹ̀gbẹ́ Space Mountain, Tomorrowland Speedway ni wọ́n ń pè é: mọ́tò kéékèèké tó ń lo ojú irin láàárín kó má bàa yà. Ọmọ tó bá ga tó 81 sẹ̀ǹtímítà lè wọ̀ ọ́ pẹ̀lú àgbà, ọmọ tí kò tíì tó 137 ò lè dá a wà. Ẹ̀yin àti Táyé ni kẹ́ ẹ jọ wọ̀ ọ́. Táyé ni kó di ọwọ́ mọ́ sítíárì, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ iná. Kí Kẹ́hìndé má sí níbẹ̀. Kó jẹ́ ìtàn tí Táyé máa sọ fún un.

Bí ẹ̀yin àti bàbá wọn náà bá fẹ́ gun Space Mountain, ẹ béèrè Rider Switch lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan á lọ pẹ̀lú Kẹ́hìndé, ìkejì á dúró ti Táyé. Bí ti àkọ́kọ́ bá bọ́ sílẹ̀, ìkejì á wọlé láìtún tò sórí ìlà gígùn. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méje ò lè wọ ẹ̀rọ ní Disney láìsí ẹni tó ti pé ọdún 14 tó bá a wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ ṣètò ẹni tó ń bá ta ni lọ kí ẹ tó débẹ̀. Màmá lè dúró ti Táyé náà, bí ẹsẹ̀ wọn bá gbà á.

Èyí tí àwọn méjèèjì jọ lè gùn pọ̀ ju èyí tí wọn ò lè gùn lọ. Barnstormer gba 89 sẹ̀ǹtímítà, ó kúrú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Seven Dwarfs Mine Train àti Slinky Dog Dash jẹ́ 97. Tiana's Bayou Adventure àti Soarin' jẹ́ 102. Tower of Terror náà jẹ́ 102, àwọn méjèèjì sì tó o, ṣùgbọ́n èmi ò ní mú ọmọ ọdún márùn-ún wọ inú rẹ̀: àpótí tó ń já lulẹ̀ nínú òkùnkùn, tó tún ń fò sókè, tó tún ń já. Ẹ fi í sílẹ̀ títí di ìgbà mìíràn. Expedition Everest àti Flight of Passage jẹ́ 112 bíi ti Space Mountain, TRON jẹ́ 122. Ẹ tún wo nọ́ńbà wọ̀nyí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ, nítorí bí wọ́n bá tún ẹ̀rọ kan ṣe, nọ́ńbà rẹ̀ lè yí padà.

Ẹ sọ fún Táyé nísinsìnyí, ní Thamesmead, kó má jẹ́ pé lẹ́nu ọ̀nà, níwájú èrò, ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ má sọ pé ó kúrú. Ẹ sọ pé àga náà tóbi jù fún un báyìí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fa ìlà 112 sára fírémù ilẹ̀kùn yàrá wọn, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù aláwọ̀ pupa fà á, kó máa lọ wo ara rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀ máa ń ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ́dún. Ní nǹkan bí àsìkò Kérésìmesì, á kàn án.